Ẹnu Ni Mo Fi Pa Bàbá Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí ẹ ó fi kà á tán. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí ọmọ mi ti wà ní ọmọ ọdún méje, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. N kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, n kò sọ ọ́ fún ààfáà. Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ ọ́ lónìí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí gbogbo agboolé wa mọ̀ sí òkú pe fóònù mi, ọmọ mi ló sì gbé e.

Ọkọ mi ni ẹni náà. Èmi ni mo sọ pé ó kú.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé tí n kò bá tò ó, èmi gan-an kì í mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́yẹrúnkà ni mò ń gbé, nínú agboolé bàbá mi. Mo ka ìwé mẹ́wàá, n kò rówó tẹ̀ síwájú. Irun ni mò ń dì, lábẹ́ àtíbàbà kan lọ́nà Màpó. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Màá pè é ní Bàṣírá níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ará Ìbàdàn. Ó wá láti òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ àjàgbé ló ń wà, ó máa ń kó ẹrù lọ sí òkè Ọya. Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ nínú àwọn èèyàn rẹ̀, ìyá náà sì ti ṣaláìsí kí n tó bímọ. Nígbà tí Bàṣírá wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ó lọ sí òkè Ọya bó ṣe máa ń lọ, kò sì padà. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Yàrá tí a gbà ní Kúdẹ̀tì, n kò rówó rẹ̀ san, ni mo bá kó ẹrù mi padà sí agboolé wa.

Bàṣírá ní ikọ́ fée. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí wọ́n bá ń jó pàǹtí ládùúgbò, àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè. Mo ti gbé ọmọ náà sórí itan rí, tí n kò jẹ́ kó dùbúlẹ̀, tí mò ń bá a ka èémí rẹ̀ bí ẹni pé tí n kò bá kà á, kò ní wá. Ìnhélà tó ń fà sẹ́nu wọ́n ju owó irun lọ. Nígbà mìíràn màá rí i rà. Nígbà mìíràn àgbo ni màá fún un, màá sì máa gbàdúrà. Ẹ̀rù ni mo fi ń tọ́ ọmọ yẹn.

Nígbà náà ni a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ máa fún àwọn tálákà ní owó ìrànwọ́. Wọ́n ní kí àwọn ìyá tí kò ní olùrànlọ́wọ́ wá forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Bẹẹrẹ. Mo lọ. Èrò pọ̀. Obìnrin kan tó wá láti Oníyanrìn wà níwájú mi lórí ìlà, ẹlẹ́nu dídùn ni, gbogbo wa ló ń pa lẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ọkọ mi ńkọ́. Mo ní ó lọ, kò padà.

Ó ní, "Háà, ìyá ọmọ! Ọkọ tó lọ kì í ṣe ọkọ tó kú o. Wọ́n á ní kó o lọ wá a kó wá máa bọ́ ẹ. Opó ni ìjọba ń ṣàánú. Àwa tí ọkọ wa ṣì ń mí níbì kan, a ti gbé."

Ẹnì kan lẹ́yìn wa dá a lóhùn pé, "Tèmi wà nílé o, àmọ́ tí wọ́n bá bi mí, òkú ni. Tó bá ti jẹun tán, ẹ fi ìlù jí i, kò ní jí."

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára.

Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ló ń bi mí ní ìbéèrè. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ń pè mí ní màmá, bẹ́ẹ̀ n kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ó béèrè ọmọ, mo sọ. Ó béèrè iṣẹ́, mo sọ. Ó béèrè bàbá ọmọ. Mo ní, "Ó ti kú." Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Mo ní àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Mo rò pé ibi tí mo ti sọ ọ́ náà ni yóò dúró sí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni, pé ọ̀rọ̀ ìjọba kì í bá èèyàn délé. Mo gbàgbé irú ilé tí mò ń gbé.

Kò pẹ́, wọ́n wá sí agboolé wa láti wádìí. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́ lásán. Wọ́n á pe gbogbo ará ilé jọ sí gbangba, wọ́n á ní kí ará ilé fúnra wọn tọ́ka sí ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún jù. Ojúde wa kún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ yẹn nawọ́ sí mi, ó ní, "Màmá yìí sọ fún wa pé opó ni àwọn. Ẹ̀yin ará ilé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ta ni opó? Ìwọ? Ọkọ ẹ kú? Ìgbà wo?"

Ibí yìí ni mo ti lè yí i padà. Mo ti ro ó lọ, mo ti ro ó bọ̀. Tí mo bá ní, "Rárá, mo ṣì í sọ ni," wọn ì bá fi mí ṣẹ̀sín díẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹkún ni mo sun. Ẹkún tòótọ́ ni o. Ìtìjú ń pa mí, ẹ̀rù ń bà mí, ẹkún náà kàn jáde ni. Ṣùgbọ́n ẹkún ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ opó.

Ìyá Àgbà dìde, ó fà mí mọ́ra. "Yéè! Ọmọ yìí ti ń dá òkú gbé kiri láàárín wa! Ọkọ ẹ kú, o ò lè sọ fún wa? Ṣé ìgbẹ́ la ti rí ẹ he ni?" Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́kún. Òṣìṣẹ́ náà pàápàá nu ojú. Kí n tó mọ̀, Bàṣírá ti dé láti ilé kéwú, wàláà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà ló sọ fún un. Mo máa ń fi ìyẹn tu ara mi nínú, pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, n kò sì wí nǹkan kan.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó bi mí pé, "Màámi, níbo ni wọ́n sin bàbá mi sí?" Mo ní ibẹ̀ jìnnà.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n pe ààfáà. Wọ́n kírun sí i lára láìsí òkú níwájú. Ìyá Àgbà ta ewúrẹ́ rẹ̀, èyí tó lóyún nínú, ó fi ṣe fìdáù fún un. Ó ní ọmọ òun kò ní jẹ́ ọmọ òkú tí wọn kò ṣàdúrà fún. Wọ́n pín mọ́sà fún àwọn ọmọ kéwú, Bàṣírá wà lára àwọn tó ń pín in. Wọ́n wá ní kí n jókòó ṣe opó láti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ, oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́wàá. N kò gbọdọ̀ jáde lásán, n kò gbọdọ̀ lé tìróò, n kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́.

Mo jókòó. Kí ni kí n ṣe? Àtíbàbà mi wà ní títì. Mo rò pé bóyá àwọn oníbàárà á wá bá mi nílé. Aboyún kan tí mo máa ń di ṣùkú fún wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀. Ó ní òun á dúró dè mí títí n ó fi tú opó, pé kí n má bínú, ọwọ́ opó tuntun kò yẹ orí aláboyún. N kò bínú sí i. Mo ti purọ́ kí n lè rí owó, irọ́ náà sì ti iṣẹ́ tó ń mú owó wá pa. Àwọn ará ilé ló ń bọ́ èmi àti ọmọ. Ẹnì kan á gbé ẹ̀kọ wá láàárọ̀, ẹlòmíràn á gbé ẹ̀bà wá nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Jẹun, ìyá Bàṣírá. Òkú ti lọ, ọmọ ló kù."

Owó ìjọba náà wọlé nígbà tí mo wà lórí ẹní opó. Fóònù mi dún, mo rí i. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ra ìnhélà, ó tún ṣẹ́ kù fún bàtà ilé ìwé. Ọmọ Ìyá Àgbà ló bá mi gbà á lọ́dọ̀ oní-POS. Láàárọ̀ tí Bàṣírá kọ́kọ́ fa ìnhélà náà tí àyà rẹ̀ sì rọlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń rò ó pé ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dúpẹ́.

Ohun tó dà mí rú jù rè é. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ yẹn padà wá wò ó bóyá owó ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Ọmọ ilé wa kan, tó ti kọ ọkọ rẹ̀, bi í léèrè bóyá òun náà lè forúkọ sílẹ̀ nígbà tí òun kì í ṣe opó. Mo gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láti inú yàrá mi.

Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé opó nìkan ni, mà? Ìyá tó ń dá tọ́mọ ni à ń wá. Ọkọ kú o, ọkọ sá lọ o, ẹ kọ ara yín o, ọ̀kan náà ni lọ́dọ̀ wa."

Obìnrin ará Oníyanrìn yẹn kò mọ nǹkan kan, ohun tó rò ló ń sọ. Èmi náà kò sì béèrè. Ká ní mo ti sọ pé ọkọ mi sá lọ ni, wọn ì bá kọ orúkọ mi bákan náà. Mo pa èèyàn láìnídìí.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní láti tún nǹkan kan ṣe nínú ohun tí mo ti kọ sókè. Mo kọ ọ́ bí ẹni pé n kò gbúròó bàbá Bàṣírá rárá láti ọjọ́ tó ti lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n tó lọ forúkọ sílẹ̀, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti rí mi ní Ọjà'ba. Ó ní òun pàdé rẹ̀ ní Kánò, pé ara rẹ̀ le, pé ó ti fẹ́ obìnrin kan lọ́hùn-ún, ó sì ní kí wọ́n kí mi. Kí wọ́n kí mi! Mo bi awakọ̀ náà bóyá ó béèrè ọmọ. Ó wo ilẹ̀. Mo ra ata tí mo fẹ́ rà, mo sì lọ sílé.

Nítorí náà, nígbà tí mo sọ pé ó ti kú, mo mọ̀ pé ó wà láàyè. N kò lè sọ fún yín bóyá ìṣẹ́ ló jẹ́ kí n sọ ọ́ tàbí ìbínú. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí àyà ọmọ ni. Nígbà mìíràn mo máa ń rántí pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi, ara tù mí.

Mo tú opó. Mo padà sídìí irun. Nígbà tó yá, owó náà kò wọlé mọ́, wọ́n ní ti ìpele tiwa ti parí. Irọ́ ni kò parí. Télọ̀ kan ní Pópó Yemọja, èèyàn jẹ́jẹ́, ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Gbogbo ilé fọwọ́ sí i. Mo kọ̀, nítorí pé ọkọ mi wà láàyè, kò sì kọ̀ mí sílẹ̀. Àwọn ará ilé ní, "Ẹ wo obìnrin olóòótọ́! Ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún òkú." Títí di òní, Ìyá Àgbà ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó kéékèèké. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wá ibòmíràn gbà.

Bàṣírá dàgbà pẹ̀lú òkú yẹn. Kò rántí ojú bàbá rẹ̀ dáadáa, nítorí náà ó ṣe bàbá mìíràn fún ara rẹ̀. Tó bá kírun tán, á gbọ́wọ́ sókè, á ní kí Ọlọ́run forí jin bàbá òun, kó fẹ sàréè rẹ̀ fún un. Ní ilé kéwú, ó ti kà dé ibi tí wọ́n á ti ṣe wòlímọ̀ fún un láìpẹ́. Ó ti sọ fún ààfáà pé kó fi kíkà òun tọrọ àlùjánnà fún bàbá òun níwájú gbogbo èèyàn. Ó fẹ́ràn bàbá yẹn. Bàbá yẹn kò sá fún un, ikú ló mú un lọ. Ìyẹn ni mò ń rò nígbà tí mò ń dákẹ́. Mo rò pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú sàn ju ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò béèrè rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irọ́ ni mo pa? N kò mọ̀ mọ́.

N kò yí nọ́ńbà fóònù mi padà. Òun ni mo fi ń gba owó ìjọba, mo sì ń retí pé bóyá wọ́n á tún rántí wa. Nọ́ńbà kan náà ni bàbá Bàṣírá mọ̀ mí mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mò ń dirun fún oníbàárà kan lábẹ́ àtíbàbà, gẹ́ẹ̀lì irun kún ọwọ́ mi. Fóònù dún. Mo ní kí Bàṣírá bá mi gbé e. Ó gbé e, ó rìn sápá kan, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó padà dé, mo bi í pé ta ni.

"Àwọn oníjìbìtì ni, màámi. Ó ní òun ni bàbá mi."

Oníbàárà mi bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n tún ti gbé òmíràn dé! Èyí tó pè mí lánàá ní òun ni máníjà báńkì. Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní bàbá mi ti kú. Mo ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe, kó yéé fi òkú olókùú purọ́."

"O ṣe dáadáa, ọmọ ọlọ́gbọ́n."

Mo bi Bàṣírá pé kí ni ọkùnrin náà tún sọ. Ó ní ọkùnrin náà sọ pé òun ń bọ̀ wá kí wa ní Iléyá. Ó ní ó mọ orúkọ òun, ó tún mọ orúkọ tí mo máa ń fi pe òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ní òun gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

N kò tíì pe nọ́ńbà náà padà. Òun náà kò tún pè. Mo ti mú fóònù lọ́wọ́, mo ti gbé e sílẹ̀. Tí mo bá ní kó má wá, mo tún pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, kò sì sí ìjọba tó ní kí n wá jẹ́rìí báyìí. Tó bá wá, òkú ló máa wọ ojúde wa lọ́jọ́ Iléyá, níṣojú Ìyá Àgbà tó ta ewúrẹ́ nítorí rẹ̀. Ìyẹn ṣì kéré. Ìtìjú mi ni, màá gbé e. Ọmọ ni mò ń bẹ̀rù fún. Tí mo bá sọ òótọ́ fún un, mo gba bàbá rere yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fún un ní èyí tó sá lọ, pẹ̀lú ìyá tó purọ́. Àyà rẹ̀ kò gba ìbànújẹ́. Mo ti rí i tí ikọ́ náà gbé e nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó kúrò ládùúgbò. Tí n kò bá sì sọ ọ́, wòlímọ̀ ń bọ̀, wọ́n á gbóhùn sókè tọrọ àlùjánnà fún alààyè, ọmọ mi á ní àmín. Ṣé mo ṣì jẹ́ ìyàwó ọkùnrin tí mo ti ṣe opó rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá ààfáà ni, tàbí Ìyá Àgbà, tàbí ọmọ? Gbogbo rẹ̀ ti pò pọ̀ mọ́ mi lójú.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé náà, Bàṣírá ń bá mi kó àwọn ìyarun mi sínú àpò. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Màámi, nígbà tí mo sọ fún ọkùnrin yẹn pé bàbá mi ti kú, ó ń sunkún. Ṣé àwọn oníjìbìtì máa ń sunkún?"

Mo ní kó yára ṣe é, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ jù mí lọ, ẹ forí jì mí, kí ẹ sì sọ ohun tí màá sọ fún ọmọ yìí fún mi. Ó tún bi mí láàárọ̀ òní.